Oògùn ṣúgà méjì ni Máàmi ń lò: ṣé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe?

AkọbíMáàmi · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń wá ẹni tó mọ̀ nípa oògùn ìtọ̀ ṣúgà.

Ọdún 68 ni Máàmi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń lo oògùn. Méjì ni: Daonil 5 mg láàárọ̀, metformin 500 mg láàárọ̀ àti lálẹ́. Lánàá a lọ ìnáwó ìsìnkú kan ní Ìjẹ̀bú. Agogo méje àárọ̀ ni Máàmi ti gbé oògùn méjèèjì mì. Mo ní kí wọ́n mu ògì díẹ̀, wọ́n ní rárá, òde là ń lọ yìí, kí ni àwọn fẹ́ fi ògì kún ikùn ṣe.

Ẹ̀yin náà mọ oúnjẹ òde. Agogo kan ọ̀sán ti kọjá, abọ́ kankan ò tíì dé tábìlì wa. Mo bojú wẹ̀yìn, aṣọ òkè Máàmi ti rin gbingbin fún òógùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, orúkọ bàbá wa tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé ni, pé ta ló bá wọn wé gèlè. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń pín ẹlẹ́rìndòdò. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní, “Ṣé ìyá yìí ń lo oògùn ṣúgà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún wọn ní Fanta mu. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí Máàmi fi ń béèrè pé ẹran mélòó ni wọ́n fi sórí ìrẹsì àwọn.

Ṣúgà tí a ti ń lé láti ọdún mẹ́fà ló tún wá di oògùn. Ó yà mí lẹ́nu. Àbúrò mi ní oògùn ti pọ̀ jù, kí a yọ ọ̀kan. Èwo ni ká yọ? Àti pé kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe nínú ara gan-an?

---

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì · 9:58 alẹ́

Ẹ kú ewu, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Daonil ló ṣe é. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín yọ ohunkóhun o, ẹ gbé Máàmi lọ bá dókítà wọn láàárọ̀ ọ̀la, ẹ sì kó páálí oògùn méjèèjì dání. Ṣé ẹ yẹ ṣúgà wọn wò lálẹ́ àná? Oògùn yẹn máa ń pẹ́ lára, pàápàá lára àgbàlagbà. Fanta á gbé ṣúgà sókè fún ìgbà díẹ̀, oògùn á tún fà á wálẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Mo ti rí i ní wọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá dákú nítorí Daonil, a kì í jẹ́ kó lọ sílé lọ́jọ́ yẹn.

Fún ìgbà mìíràn: bí ṣúgà bá ti wà lábẹ́ 70 lórí ẹ̀rọ, ìdajì ìgò ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà ti tó. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún ìka gún. Bí ó bá ti gòkè, kí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu, á gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

---

AkọbíMáàmi · 10:05 alẹ́

A ò yẹ̀ ẹ́ wò o, mà. A rò pé ó ti tán. Mo ń pe àbúrò mi báyìí kó gún wọn níka.

(10:31: ó jẹ́ 112. Wọ́n ti jẹ ẹ̀wà. Ẹ ṣé gan-an ni, mà.)

---

ApòògùnÌbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní fámasì, ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lórí káúńtà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀dọ̀ bí àká. Bí a bá jẹ èbà tàbí ìrẹsì, ìfun á fọ́ ọ di ṣúgà wẹ́wẹ́, ṣúgà á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí à ń pè ní páńkíríásì, òun ló ń tu ínsúlíìnì jáde. Iṣẹ́ ínsúlíìnì ni pé kó ṣílẹ̀kùn iṣan àti ọ̀rá kí ṣúgà lè wọlé, kó sì sọ fún ẹ̀dọ̀ pé, “Oúnjẹ ti dé, ti àká pa.” Tó bá dòru tí a ń sùn, ínsúlíìnì á lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ á ṣí àká, á máa bu ṣúgà díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ nítorí ọpọlọ. Ọpọlọ kì í sinmi oúnjẹ.

Nínú irú àtọ̀gbẹ tí Máàmi ní, èyí tó ń mú àgbà, nǹkan méjì ló bàjẹ́. Ara ò gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu mọ́. Páńkíríásì náà sì ti ń rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ò gbọ́ “ti àká pa” mọ́: a jẹun, ó ń bu, a ò jẹun, ó ń bu.

Ẹnu àká yẹn ni metformin ń lọ dúró sí. Ó ń dín ṣúgà tuntun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, ó ń ran iṣan lọ́wọ́ láti gba ṣúgà wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ìfun pẹ̀lú (ìdí rèé tó fi ń ru inú àwọn mìíràn). Kò bá páńkíríásì da nǹkan kan pọ̀. Ìyẹn ni metformin nìkan kì í fi í sábà já ṣúgà wálẹ̀ débi tí èèyàn á fi dákú.

Daonil ò jọ ọ́ rárá. Glibenclamide ni oògùn inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì ní ihò tóóró lára tí potásíọ̀mù ń gbà jáde. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ihò yẹn á tì. Bó bá ti tì, òmíràn á ṣí, kálísíọ̀mù á wọlé, ínsúlíìnì á tú jáde. Ṣúgà ló yẹ kó ti ihò yẹn. Daonil kì í dúró de ṣúgà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í, oúnjẹ ì báà dé, ì báà má dé.

Nítorí náà, ní agogo méje àárọ̀ Sátidé, Daonil ti kàn sí páńkíríásì Máàmi pé àlejò ń bọ̀. Ínsúlíìnì jáde síta, kò bá àlejò. Ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nílẹ̀ ló kó wọlé. Àká tí ì bá tètè ṣí láti gbà wọ́n sílẹ̀, metformin ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí oògùn méjèèjì ṣe jọ ṣe é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Daonil lọ̀gá.

Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti rí irú oògùn yìí. Ní 1942, ní ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, dókítà kan tó ń jẹ́ Marcel Janbon ń dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn tó ní tàífọ́ọ̀dù. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn kan, àwọn mìíràn ń dákú. Ṣúgà wọn ló ti lọ sílẹ̀. Auguste Loubatières gbé oògùn náà lọ dán wò lára ajá, ó rí i pé ajá tí wọ́n bá ti yọ páńkíríásì rẹ̀, oògùn náà ò ní ran ṣúgà rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé páńkíríásì ni oògùn náà ń nà lẹ́gba. Ẹ rí i pé ohun tó ṣe Máàmi níbi ìnáwó náà ni wọ́n fi dá oògùn náà mọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bi dókítà gan-an ni ti ọjọ́ orí. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí wọn pé glibenclamide ò yẹ ẹni tó bá ti ju ọdún 60 lọ. Gliclazide ni wọ́n fẹ́. Ìdílé kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ rọ̀ jù.

---

BàbáÌrọ̀lẹ́ · 7:02 àárọ̀

Apòògùn, ẹ káre. Mo ti ń lo oògùn ṣúgà láti ìgbà Diabinese, kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo gbé e mì lọ́jọ́ Ẹtì, tí Sátidé mi fi dàrú.

Ìbéèrè mi: alẹ́ mìíràn wà tí n kì í fi nǹkan kan kan ẹnu láti agogo mẹ́fà. Tí mo bá gún ìka láàárọ̀, á wà ní 170. Tí mo bá jẹ àmàlà lálẹ́, á wà ní 165! Ìyàwó mi ní mò ń jí nǹkan jẹ lóru. Mi ò jí nǹkan jẹ o.

---

ApòògùnÌbàdàn · 7:20 àárọ̀

Bàbá, ẹ fi ohun tí mo kọ nípa àká han Ìyá. Ẹ̀dọ̀ yín ló ń jí nǹkan jẹ. Láàárín òru sí ìdájí, ara ń tu àwọn èròjà tó ń jí wa lójú oorun jáde, wọ́n sì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó bu ṣúgà. Lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ínsúlíìnì díẹ̀ á gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Lára yín, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ìyẹn ni àwọn dókítà fi máa ń kọ metformin alẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ má tìtorí nọ́ńbà àárọ̀ fi ebi sùn.

Ti Diabinese, òótọ́ lẹ sọ. Chlorpropamide ni, wákàtí bíi 36 ló ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ti Ẹtì pàdé ti Sátidé ni.

---

AlágboMushin · 8:44 àárọ̀

Ẹ ṣáà ń bẹ̀rù agbo. Mo kà á pé inú ewé ni metformin ti wá. Ewé náà ni èmi ń sè. Ewúro, ewé ejìnrìn, ẹ ò ní gbọ́ pé ẹnì kan dákú. Bí oògùn ò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Ẹ jẹ́ kí Máàmi máa fi agbo ti Daonil lẹ́yìn.

---

ApòògùnÌbàdàn · 9:10 àárọ̀

Ewé tí ó kù lọ́jọ́ Sátidé ni ìrẹsì.

Mi ò bá ewé jà. Òótọ́ ni pé ewé kan wà ní Yúróòpù tó ń jẹ́ Galega officinalis tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà láéláé, èròjà inú rẹ̀ ló sì fi ọ̀nà han àwọn tó ṣe metformin. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Dublin ní 1922. Ó di 1957 kí Jean Sterne tó tẹ ìwé nípa bó ṣe lò ó fún àwọn aláìsàn ní Faransé, àwọn Amẹ́ríkà ò sì gbà á wọlé títí di òpin 1994. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn tó bá a tan, phenformin, ó jẹ́ kí ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó pa àwọn èèyàn, wọ́n sì kó o kúrò ní ọjà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láàárín 1970 sí 1980. Ìbátan kan náà, ìwà ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n ló ṣòro nínú agbo. Ife ti òní ò jọ ti àná. Tó bá sì wá jẹ́ pé agbo náà ń mú ṣúgà wálẹ̀ lóòótọ́, tí Daonil náà wà níbẹ̀, mélòó ni wọ́n jọ fà wálẹ̀? Ta ló mọ̀?

Ọ̀kan ṣì kù. Ní 2008, ní Singapore, láàárín oṣù márùn-ún, èèyàn 150 ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn nítorí ṣúgà tó já wálẹ̀ gan-an. Mẹ́rin kú. Oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lò. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, glibenclamide ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Nítorí náà tí agbo kan bá ń ṣiṣẹ́ wàràwàrà bíi Daonil, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá Daonil ló wà nínú rẹ̀.

---

AlágboMushin · 9:13 àárọ̀

Èmi kì í lọ nǹkan mọ́ agbo mi o.

---

ỌmọPeckham · 1:27 ọ̀sán

Mo kí gbogbo ilé láti Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá mi wà lọ́dọ̀ mi níbí, wọ́n sì ń lo metformin pẹ̀lú empagliflozin. Oṣù tó kọjá wọ́n lọ sí Ṣàgámù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n pè mí lóru, ẹ̀rù ti bà wọ́n. Wọ́n ní èèrà bo ibi tí àwọn tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, bí wọ́n ṣe máa ń rí i lọ́dọ̀ bàbá àwọn kí àtọ̀gbẹ tó pa á. Wọ́n ti fẹ́ da oògùn òyìnbó nù. Wọ́n gún ìka: 124. Kò yé mi. Ṣúgà ò ga, kí wá ni èèrà ń lá?

---

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì · 2:05 ọ̀sán

Ha! Èyí dùn mọ́ mi. Oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, ọmọ mi.

Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń sẹ́ ògì? Bẹ́ẹ̀ ni kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Lójúmọ́, ṣúgà tó ń bá a jáde lójú asẹ́ tó bíi gíráàmù 180, ṣùgbọ́n kíndìnrín kì í fẹ́ pàdánù, ó ní alágbàálẹ̀ tó ń ṣa gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Empagliflozin di alágbàálẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mú. Ṣúgà tí ò rí ẹni ṣà á bá ìtọ̀ lọ. Nígbà ayé bàbá wọn, ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹnu ló fi ṣàn sínú ìtọ̀. Ní ti bàbá yín, à ń mọ̀ọ́mọ̀ dà á sóde ni kí ẹ̀jẹ̀ lè fúyẹ́. Èèrà ò mọ ìyàtọ̀.

Àwọn àgbà wa pe àìsàn náà ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń tọ̀ títí tó fi ń gbẹ. Wọ́n wá fi títọ̀ ṣe oògùn rẹ̀.

Kí bàbá máa mu omi dáadáa. Ibi tí ṣúgà bá ń gbà kọjá, ara lè máa yún wọn níbẹ̀, kí wọ́n máa fọ ojú ara. Tí wọ́n bá ń bì, tí wọn ò lè jẹun, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n pe dókítà, torí wọ́n máa ń ní kí wọ́n dá a dúró ná. Ó lè mú kí ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé ṣúgà ò ga.

---

ApòògùnÌbàdàn · 2:30 ọ̀sán

Màá fi kún ti Nọ́ọ̀sì: inú èèpo gbòǹgbò igi ápù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èròjà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní 1835. AlágboMushin, ẹ gbọ́ èyí o, ti yín ni. Ní 2015, ìwádìí kan tó kó èèyàn tó ju 7,000 lọ jọ, tí gbogbo wọn ní àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn, fi hàn pé empagliflozin dín ikú tó ń ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá kù ní ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ṣúgà nìkan ni wọ́n ń torí ẹ̀ kọ ọ́ báyìí. Owó rẹ̀ níbí ni ò jẹ́ ká rí i lò bó ṣe yẹ.

---

AlhajaÌwó · 4:11 ìrọ̀lẹ́

Salamu alaykum. Èmi náà ń lo Amaryl àti metformin. Ṣé Ramadan náà ò ní di ti ìnáwó Ìjẹ̀bú báyìí? Láti sààrì di ìṣínu ni mo máa ń gbààwẹ̀ o.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì: wọ́n ní metformin ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ti fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀.

---

ApòògùnÌbàdàn · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Wa alaykum salam, Alhaja. Ẹ ti bọ́ sí ojú ọ̀nà. Glimepiride ló wà nínú Amaryl, ọmọ ìyá Daonil. Tí ẹ bá gbé e mì ní sààrì, ẹ ti ṣe ohun tí Máàmi ṣe, ìrọ̀lẹ́ ló kù ká retí. Ẹ rí dókítà ní bí oṣù kan sí méjì kí oṣù tó lé. Ó sábà máa ń sún un sí ìgbà ìṣínu, ó lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Metformin ò ní ẹjọ́ púpọ̀, pínpín rẹ̀ sí ìṣínu àti sààrì ló gbà. Tí ìka bá sì sọ pé ó wà lábẹ́ 70 ní ọ̀sán ààwẹ̀, ẹ ṣínu. Gígún ìka ò ba ààwẹ̀ jẹ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ ọ́.

Ti kíndìnrín: ẹ̀yìn ni wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ náà wá. Ara kì í yí metformin padà. Bó ṣe wọlé ló ń jáde, ẹnu ọ̀nà kíndìnrín nìkan ló sì mọ̀. Tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ba ẹnu ọ̀nà náà jẹ́, metformin á há sínú, á pọ̀ jù, ewu ásíìdì á wà. Ìyẹn ni dókítà fi ń yẹ kíndìnrín wò, tí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní eGFR bá sì wọ abẹ́ 30, a máa ń dá a dúró. Àwọn obìnrin tó fi oògùn sílẹ̀ nítorí kíndìnrín, ṣúgà tí wọ́n fi sílẹ̀ gan-an ló ń jẹ kíndìnrín.

Ohun tí metformin ń bà jẹ́ lóòótọ́ tí a kì í sọ ni fítámì B12. Ẹni tó bá ti lò ó fún ọdún púpọ̀, tí ẹsẹ̀ ń ta á jẹ́njẹ́n, kí ó ní kí wọ́n yẹ B12 òun wò.

Àwọn oògùn tó kù, màá yára, mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Pioglitazone ń kọ́ ọ̀rá ara ní bí á ṣe gbọ́ràn sí ínsúlíìnì. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló ń gbà, ó sì ń kó omi sára, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára ò gbọdọ̀ lò ó. Acarbose ń fa ẹsẹ̀ ìfun sẹ́yìn kó má tètè fọ́ èbà di ṣúgà. Èbà tí kò fọ́ á wá di afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, ẹni tó ń lò ó kì í jókòó ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Sitagliptin ń dáàbò bo òjíṣẹ́ kan tí ìfun máa ń rán sí páńkíríásì nígbà tí a bá jẹun, nítorí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ara ń pa òjíṣẹ́ náà. Èyí dára fún àgbà, torí pé bí oúnjẹ ò bá dé, òjíṣẹ́ ò níṣẹ́ tó máa jẹ́.

---

AkọbíMáàmi · Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọjọ́bọ̀, 7:33 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ o. Dókítà ti gba Daonil kúrò lọ́wọ́ wọn, sitagliptin ló fi rọ́pò rẹ̀. Ó pààrọ̀ metformin sí èyí tí wọ́n kọ XR sí lára, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lálẹ́. Àárọ̀ àná 131, àárọ̀ òní 126. Máàmi ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹ̀dọ̀ àwọn ló ń jalè lóru.

Ṣùgbọ́n wàhálà tuntun dé láàárọ̀ yìí. Wọ́n lọ sí ilé ìyàgbẹ́, wọ́n rí odidi hóró metformin náà nínú ìgbẹ́, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ayédèrú ni, pé kò yọ́, pé owó wa ti bá omi lọ. Mi ò mọ ohun tí màá sọ.

---

ApòògùnÌbàdàn · 7:41 àárọ̀

Èèpo rẹ̀ lásán ni wọ́n rí. Wọ́n ṣe XR kí oògùn inú rẹ̀ lè máa jò jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí bó ṣe ń gba inú ìfun kọjá. Tí oògùn bá ti jáde tán, èèpo rírọ̀ ló kù, òun ni ikùn ń tì síta. Ẹ má bá wọn gé e, kí wọ́n má sì rún un lẹ́nu o, gbogbo rẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣúgà 126 tí wọ́n rí láàárọ̀ yìí, ayédèrú ò lè ṣe é.

---

AkọbíMáàmi · 7:44 àárọ̀

Ẹ ṣé, sà. Wọ́n ti da gbogbo èyí tó kù sínú garawa ìdọ̀tí, àwọn tó ń kó o sì ti dé ìta. Mo ń bọ̀.